Bí A Ṣe Ń Fi Lídà Orí Sátẹ́láìtì Ṣírò Ohun Tí Eruku Ọyẹ́ Ń Ṣe sí Ìtànṣán Oòrùn ní Ìlọrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Nínú fídíò yìí, a ó jọ ṣírò iye ìtànṣán oòrùn tí eruku ọyẹ́ àti èéfín igbó jíjó kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀ Ìlọrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkọsílẹ̀ lídà orí sátẹ́láìtì CALIPSO ni a ó sì lò. Lídà ni ẹ̀rọ tí ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà tí ó sì ń wo èyí tí ó padà wá. Mo yan Ìlọrin nítorí pé ẹ̀rọ AERONET, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí ń wo ojú oòrùn tààrà láti wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́, wà ní Yunifásítì Ìlọrin láti bí ọdún 1998, nítorí náà ohunkóhun tí sátẹ́láìtì bá sọ fún wa láti òkè, a ní ẹlẹ́rìí nílẹ̀ tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ohun tí a ń wá kọ́kọ́ yé wa. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad máa ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì ń gbé mì. Èéfín igbó ní tirẹ̀ ń gbé púpọ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí eruku dá padà sókè ti bọ́ mọ́ ayé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí èéfín gbé mì kò bọ́. Kò dé ilẹ̀ ni, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tí èéfín náà wà nínú rẹ̀ gbóná. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a mọ bí èérún inú afẹ́fẹ́, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké eruku àti èéfín, ti pọ̀ tó, bí kò ṣe kí a mọ irú èyí tí ó wà ní ibi gíga kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú wọn afẹ́fẹ́ agbègbè Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n rí i pé eruku wà nísàlẹ̀, èéfín sì wà lókè rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì tí a yà láti òkè lásán kò lè fi irú ètò bẹ́ẹ̀ hàn wá. Lídà lè fi í hàn.

NASA àti àjọ CNES ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n jọ gbé CALIPSO lọ sókè ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2006. Lídà inú rẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 532, èkejì jẹ́ nánómítà 1064 tí ojú ènìyàn kò lè rí. Àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi lọ tí ó sì fi bọ̀ ni a fi ń mọ bí ohun tí ó bá pàdé ti ga tó. Ẹ̀rọ náà tún ń wo ìhà tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé yìí ń mì sí: èérún roboto dá a padà bí ó ṣe wá, ṣùgbọ́n eruku tí ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi máa ń yí i padà, ibẹ̀ ni a sì ti ń dá eruku mọ̀ yàtọ̀ sí èéfín. Iṣẹ́ CALIPSO parí ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó fi sílẹ̀ ṣì wà fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yá, ẹ lọ sí ojúlé ASDC, ibi tí NASA ń kó àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì pamọ́ sí, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gba àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CAL_LID_L2_05kmAPro, ẹ̀dà kẹrin, fún oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì. Sátẹ́láìtì yìí kì í wo ibi fífẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń fà kọjá, ọjọ́ 16 ni ó sì fi ń padà sí ojú ìlà kan náà. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ìlà tí ó gba àyíká Ìlọrin kọjá láàrin kìlómítà 100. Ẹ fi àwọn ti òru ṣáájú, nítorí pé ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ máa ń da ariwo bo ohun tí lídà ń gbọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pyhdf, irinṣẹ́ tí ń ka irú fáìlì yìí, ṣí fáìlì náà nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, ẹ wá Extinction_Coefficient_532. Òun ni ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ní ìpele mítà 60 mítà 60. Ẹ má ṣe tíì lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí CAD_Score, iye tí ń ya ìkùukùu sọ́tọ̀ kúrò lára èérún, kí ẹ fi ibi tí iye rẹ̀ wà láàrin -100 àti -20 nìkan sílẹ̀, nítorí pé iye tí ó bá ju òdo lọ ìkùukùu ni, èyí tí ó sì sún mọ́ òdo kò dá ẹ̀rọ náà lójú. Ẹ wo Extinction_QC_Flag_532, àmì tí ń sọ bí ìṣirò ìdínkù ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣeé gbára lé tó, kí ẹ mú 0 àti 1, kí ẹ sì yọ ibikíbi tí iye àṣìṣe bá jẹ́ 99.99. Mo ń tẹnu mọ́ èyí gidigidi: bí ìkùukùu bíńtín bá kù nínú iṣẹ́ yín tí ẹ pè é ní eruku, gbogbo ìṣirò tí ó kù ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ sọ iye ìpele kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 0.06 kìlómítà, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ẹ rí ni ìnípọn èérún. Bí ó bá jẹ́ 0.5, tí oòrùn sì wà ní àtàrí gan-an, àwọn èérún náà yóò jẹ́ kí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tààrà kọjá; bí oòrùn bá fi dígírì 60 yẹ̀ kúrò ní àtàrí, ìdá 37 péré ni yóò kọjá.

Ẹ wá fi ìnípọn yìí wé ti AERONET. Ẹ̀rọ ti Ìlọrin kì í wọn nánómítà 532, nítorí náà ẹ fi èyí tí ó wọn ní 500 àti 675 ṣírò rẹ̀. Bí ti CALIPSO bá kéré jù léraléra, ìpín lídà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn ìpín tí ó wà láàrin ìmọ́lẹ̀ tí èérún gbà lójú ọ̀nà àti èyí tí ó dá padà tààrà sí ẹ̀rọ. CALIPSO kò wọn ìpín yìí fún irú ìpele eruku báyìí. 44 ni a ti yàn sílẹ̀ fún eruku, 55 fún eruku tí ó dàpọ̀ mọ́ èéfín, 70 fún èéfín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ṣe láti ilẹ̀ ní Mòrókò ní ọdún 2006 fi hàn pé ti eruku Sàhárà sún mọ́ 55. Lójú tèmi, ibí ni ọkàn iṣẹ́ yìí wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré kọjá níbẹ̀.

Nísinsìnyí, a ó gbé ìpele wọ̀nyí lọ sínú libRadtran, ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹ kọ aerosol_default ṣáájú, ẹ fi aerosol_file tau tọ́ka sí fáìlì tí ó ní ibi gíga àti ìnípọn ìpele kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀. Fún ìdá ìmọ́lẹ̀ tí èérún ń tú ká dípò kí ó gbé e mì, ẹ lo ìwọ̀n AERONET. Ìwọ̀n ọkọ̀ òfuurufú ọdún 2006 náà wúlò, ó fi eruku sí nǹkan bí 0.99, ó sì fi èéfín sí nǹkan bí 0.81. Ẹ fiyè sí dídán ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé pápá tí iná ti jó dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ti tẹ́lẹ̀, èyí sì ń yí ìdáhùn padà ní òkè afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oòrùn fi wà lókè, kí ẹ sì pín àròpọ̀ rẹ̀ sí 24.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èérún, lẹ́ẹ̀kan láìsí èérún. Ní ibi méjèèjì, ẹ yọ ìtànṣán tí ń lọ sókè kúrò nínú èyí tí ń bọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ti aláìléèérún kúrò nínú ti eléèérún. Bí ẹ bá tún yọ ìdáhùn ojú ilẹ̀ kúrò nínú ti òkè afẹ́fẹ́, ohun tí ó kù ni afẹ́fẹ́ gbé mì. Ká ní ó jẹ́ wáàtì 30 lórí mítà kan níbùú lóòró, tí ó sì tàn ká inú ìpele tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi 300 hPa ju ti òkè rẹ̀ lọ (hPa ni a fi ń wọn ìfúnpá), ìpele náà yóò máa gbóná ní nǹkan bí 0.84 dígírì Celsius lójúmọ́ bí kò bá sí ohun mìíràn tí ó ń tù ú.

Ẹ má ṣe gbé iye kan ṣoṣo jáde. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ìpín lídà 44 àti 55, kí ẹ sì fi 0.03 kún ìdá títúká, kí ẹ tún fi 0.03 yọ nínú rẹ̀, nítorí pé bí àṣìṣe AERONET fúnra rẹ̀ ti tó nìyẹn. Ẹ kọ iye tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe èyí fún ẹ̀ẹ̀rùn tí a wà yìí, sátẹ́láìtì EarthCARE tí ó lọ sókè ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni kí ẹ lò. Lídà rẹ̀ ń wọn ìdínkù ìmọ́lẹ̀ tààrà ní nánómítà 355, láìsí pé ẹnikẹ́ni yan ìpín lídà fún un, ó sì gbé ẹ̀rọ mìíràn dání tí ń wọn ìtànṣán tí ayé dá padà, èyí tí ẹ lè fi ìdáhùn òkè afẹ́fẹ́ yín wé.