Ẹ̀yin Agùntáṣọọ́lò: Alùpùpù Wo Lẹ Máa Fi Kọ́ Gígùn ní Ìlú Ọba?

Ẹ káàbọ̀ o. Fídíò òní wà fún ẹ̀yin agùntáṣọọ́lò tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù, bóyá torí iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ káàkiri ni o, bóyá torí pé owó ọkọ̀ ojú irin ti sú yín ni. Bí ẹ bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ fún yín ni pé, "Ẹ wá èyí tí ìjókòó rẹ̀ ga." Ìmọ̀ràn yẹn ò burú, àmọ́ kò tíì kan ibi tó ń dunni. Eékún ni alùpùpù kékeré ti ń bá ẹni gíga jà.

Ẹ jẹ́ ká yára mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17, tó ní provisional, ìyẹn ìwé àṣẹ ọkọ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ti ṣe CBT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó sábà máa ń gba ọjọ́ kan, lè gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125cc lọ, tí agbára rẹ̀ kò sì ju kìlówáàtì 11 lọ. Ẹ máa lẹ L pupa, àmì akẹ́kọ̀ọ́, mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé èrò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gba motorway, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Ọdún méjì ni ìwé CBT ń lò. Bí ẹ ò bá tíì yege ìdánwò kíkún kó tó parí, ẹ máa tún un ṣe ni. Ẹni tí wọ́n bá mú tí kò ní in, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, wọ́n sì lè fi póìntì ìjìyà 6 sí ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Bajaj nílé fún ọdún gbọọrọ, mo mọ̀ pé CBT máa dà bí eré lójú yín. Ẹ ṣì lọ fọkàn sí i. Kéèyàn yíjú wo ẹ̀yìn lórí èjìká kó tó yà, tí olùkọ́ máa tẹnu mọ́ títí á fi sú yín, ta ló ń ṣe é ní Dùgbẹ̀?

Ó yá, ẹ wo àwòrán yìí. Ìlà mẹ́ta la fà sí i. Èkíní láti ìjókòó dé ilẹ̀. Èkejì láti ìjókòó dé fútírẹ́ẹ̀sì, irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ̀kẹta láti ìjókòó dé hándù. Èkíní nìkan ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní seat height. Èkejì, ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má rí i kà níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló máa pinnu bóyá ẹ máa lè gùn fún wákàtí kan gbáko, tàbí ẹ máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti na ẹsẹ̀. Tí àlàfo yẹn bá kúrú, itan gígùn kò ní ibi tó máa lọ ju òkè lọ. Eékún á ká, ìbàdí á ká, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ jẹ́ ká fi alùpùpù mẹ́ta wé ara wọn. Honda CB125F, tí ẹ lè bá ní ilé ẹ̀kọ́ CBT, mílímítà 790 ni ìjókòó rẹ̀ fi ga sílẹ̀. Ti Yamaha MT-125 jẹ́ 810. Ti Yamaha R125 tuntun jẹ́ 820. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn nìkan lẹ tẹ̀ lé, R125 lẹ máa mú, ẹ ó sì kábàámọ̀. Ìdí ni pé bí alùpùpù eré ìje ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n gbé fútírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sókè, wọ́n sún un sẹ́yìn, kó má baà máa ha ilẹ̀ tí alùpùpù bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Wọ́n sì rẹ hándù sílẹ̀ kí ẹni tó ń gùn lè dojú bolẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni gíga tó bá jókòó síbẹ̀, eékún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ìwúwo àyà rẹ̀ á sì dà sórí ọrùn ọwọ́. Ó rẹwà o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹwà yẹn ò ní gba ọrùn ọwọ́ yín sílẹ̀.

CB125F tí ìjókòó rẹ̀ kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ṣe jẹ́? Fútírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó wà níwájú díẹ̀, hándù rẹ̀ sì ga. Ẹ máa jókòó ṣánṣán. Fún ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 1 tàbí 2, ó máa ṣe é gbà. Epo díẹ̀ ló ń mu, kò wúwo, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Kò fani lójú mọ́ra, ìyẹn náà sì dáa, torí olè alùpùpù pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Honda Grom àti Monkey ńkọ́? Táyà ínṣì 12 ni wọ́n fi sí àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ga, ẹ máa dà bí ẹni tó lóṣòó sórí àpótí ìdáná. Ká fò ó.

Ibi tí ara ti ń tu ẹni gíga gan-an ni àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà igbó, àti àwọn àbúrò wọn tí wọ́n fi táyà títì sí. Ìjókòó Aprilia RX 125 ga tó mílímítà 905; SX 125 tó jẹ́ ti títì jẹ́ 880. Yamaha ṣe WR125R àtijọ́ àti WR125X fún ọdún mélòó kan, ìjókòó wọn ju 900 lọ, tòkúnbọ̀ wọn la ṣì ń rà. Nǹkan tó gbé wọn ga ni ṣọ́ọ̀kì gígùn, kí táyà lè ráyè gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta àti kòtò. Ìjókòó ga, àmọ́ fútírẹ́ẹ̀sì kò bá a gòkè púpọ̀, àlàfo tí à ń wí yẹn á wá gùn. Hándù fẹ̀, ó sì ga. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 4 á gun irú èyí, ẹ ò ní mọ̀ pé 125 ni. Àbùkù wọn ni pé ìjókòó wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, táńkì epo wọn kéré. Ẹni tó máa fi wákàtí mẹ́jọ gbé oúnjẹ kiri lójúmọ́, ìdí á sọ fún un.

Àgbà kan tún wà tí àwọn ẹni gíga ò jẹ́ gbàgbé: Honda Varadero 125. Honda ti ṣíwọ́ ṣíṣe é tipẹ́. Sílíńdà méjì ló ní, èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú 125, ara rẹ̀ sì tóbi débi pé ẹni tí kò bá rí L lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé alùpùpù ńlá ni. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jà fún yín. Ó wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ níbí yìí ni gíga yín ti wúlò: ẹsẹ̀ méjèèjì tó balẹ̀ dáadáa máa ń jẹ́ kó rọrùn láti gbé alùpùpù wíwúwo dúró. Tẹ́ ẹ bá rí tòkúnbọ̀ rẹ̀, ẹ wo ìdọ̀tí àti ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá ṣíléńsà, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kì í ṣàánú irin.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ìtìjú ra ọjà. Ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ máa fi gùn ún lọ. Ẹ gùn ún jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé fútírẹ́ẹ̀sì, kí ẹnì kan bá yín di alùpùpù mú. Ẹ wá yí hándù dé òpin lápá òsì, ẹ yí i dé òpin lápá ọ̀tún. Tó bá gbá eékún yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ wo òmíràn. Ẹ ò lè fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn o, torí wọ́n máa ní kí ẹ yí po lójú títì tóóró ní CBT, wọ́n sì máa bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìdánwò kíkún, Module 1. Ẹni tí eékún rẹ̀ bá há mọ́ hándù níbi tó ti ń yí po, ó máa fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ni, tàbí kó ṣubú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin jíà. Bàtà sáìsì 12 lè má wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti kọ alùpùpù sílẹ̀: mẹkáníìkì lè tú nọ́ọ̀tì kan, kó gbé irin jíà yẹn sókè eyín kan tàbí méjì. Ẹ má tètè dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹni tó ń tajà máa wò yín bó bá fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn aláìní-jíà, ìyẹn skútà, ọ̀rọ̀ eékún àti hándù yẹn ló tún le jù níbẹ̀. Honda PCX125 wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ, àmọ́ ẹ dán an wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Honda SH125i ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni gíga: ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí rẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ lè sún síwá sẹ́yìn, táyà ínṣì 16 rẹ̀ sì ń gba kòtò jẹ́jẹ́. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe, ìbánigbófò lásán ò tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní hire and reward lẹ máa gbà.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ra èyí tó kéré. Wọ́n lè fi fóòmù kún ìjókòó. Wọ́n lè fi irin gbé hándù sókè. Wọ́n tún ń ta fútírẹ́ẹ̀sì tó rẹlẹ̀ fún alùpùpù mìíràn, àmọ́ ẹ rántí pé ó máa tètè ha ilẹ̀ ní kọ́nà. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá pààrọ̀, ẹ sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò. Tẹ́ ẹ bá sì sanra mọ́ gíga, ẹ fi sípánà fún sípíríńgì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le díẹ̀ sí i, tó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yí, kí ẹ̀yìn má baà wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí kò kánjú. Bí ẹ bá ti pé ọdún 19, ẹ lè ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ A2, tó gba alùpùpù dé kìlówáàtì 35. Ẹni tó bá ti pé 24 lè lọ tààrà síbi ìwé àṣẹ A kíkún, tó gba alùpùpù tí agbára rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń pèsè alùpùpù ńlá tí ẹ máa fi kọ́ mọ́ owó tẹ́ ẹ san. Tó bá jẹ́ èmi ni, tí mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 5, tí mo sì ti pé 24, mi ò ní ra 125 rárá. Owó rẹ̀ ni màá fi ṣe ìdánwò, kí n tó wá Honda CB500X tòkúnbọ̀, tí wọ́n ń pè ní NX500 láti 2024, tàbí CRF300L tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mílímítà 880.

Kẹ́ ẹ tó sanwó CBT, ẹ pe ilé ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ga tó àti bẹ́ ẹ ṣe wúwo tó fún wọn, kí ẹ bèèrè alùpùpù tí wọ́n máa gbé fún yín. Kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní akoto àti ìbọ̀wọ́ tó máa gbà yín, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ní sáìsì ńlá nílẹ̀.