Kí Ojú Méjì Wo Aláìsàn Kan: Àjọṣe Àwọn Dókítà Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Ọpọlọ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin dókítà tẹ́ ẹ ti kọ́ọ̀lù òru wá síbí láìfojú kan oorun, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àjọṣe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àjọṣe tó ń kọ́ni níṣẹ́ ni èyí tó mú kí ojú méjì wo aláìsàn kan náà, kí wọ́n sì jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí. Ìyókù, fọ́tò àti sàtífíkéètì ni.

Bí ibà bá ń ṣe èèyàn, a ó gba ẹ̀jẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ parí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí ẹbí rẹ̀ sọ, ìṣesí rẹ̀ níwájú wa, òun la fi ń mọ àìsàn. Etí àti ojú dókítà ni irinṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ wa la sì ti gbà wọ́n. Ibi tí ojú ọ̀gá kò bá tó, ó ṣòro kí tiwa tó o.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín New York àti London láyé ọdún 1960 sí 1970. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn fi hàn pé schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí èèyàn máa gbóhùn tí kò sí, kó sì máa gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́, pọ̀ ní Amẹ́ríkà ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Ṣé omi tí wọ́n ń mu ló fà á ni? Àwọn olùwádìí gbé fídíò aláìsàn kan náà fún àwọn dókítà ìhà méjèèjì wò. Àṣé àwọn dókítà ló yàtọ̀ síra! Ẹni tí Amẹ́ríkà ní schizophrenia ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé mania ni, ìyẹn kí ara èèyàn máa yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kó ìlú 9 jọ láti ṣèwádìí lórí irú àìsàn yìí: Aarhus, Agra, Cali, Ìbàdàn, London, Moscow, Prague, Taipei àti Washington. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn fi wá inú aláìsàn 1,202. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn èèyàn náà lẹ́yìn ọdún 2, ara àwọn ti Ìbàdàn àti Agra ti yá ju ti àwọn ìlú olówó lọ. Àríyànjiyàn lórí ìdí rẹ̀ kò tíì tán títí dòní. Àmọ́ ẹni tó bá ń rò pé ẹ̀kọ́ kì í ti ọ̀dọ̀ wa jáde, kó lọ béèrè ní Ìbàdàn.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Yúróòpù tètè rí èyí. Lọ́dún 1992, díẹ̀ nínú wọn pàdé ní London. Ìpàdé yẹn ló di ẹgbẹ́ European Federation of Psychiatric Trainees. Àwọn fúnra wọn ló ń darí ẹ̀. Lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á wá ròyìn bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nílé: ọdún mélòó ni, ta ló ń bójú tó wọn, ṣé dandan ni kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu woni sàn. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń gbọ́ pé ohun tí wọ́n fi ń du òun nílé, ẹ̀tọ́ ni níbòmíràn. Wọ́n ní ètò pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú: èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè mìíràn, á máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Èyí tó wù mí jù, Áfíríkà ló wà. Ní 2003, dókítà ọpọlọ 11 péré ni gbogbo Ethiopia ní. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, òkè òkun ni. Yunifásítì Addis Ababa bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nílé, Yunifásítì Toronto sì ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún nígbà náà ni ikọ̀ kan ń ti Kánádà wá lo oṣù kan, ọ̀gá dókítà 2 àti ẹnì kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnì kẹta yẹn ni kí ẹ wò. Aláìsàn tó ti gba ibi omi mímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá kó tó dé wọ́ọ̀dù, ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Kánádà yẹn bí kò ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Addis?

Àwa ńkọ́? Ìmẹ̀kọ wà lọ́dọ̀ wa, Kétu wà ní ilẹ̀ Benin, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbi méjèèjì. Ká ní orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣàdédé dàrú: ó ń gbóhùn, ó ń sọ pé wọ́n fẹ́ pa òun, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Dókítà tó fi Faransé kọ́ṣẹ́ lè kọ bouffée délirante sínú fáìlì rẹ̀, àìsàn tó dé lójijì tó sì lè lọ bó ṣe dé. Èyí tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ yẹn. Ó lè máa ro schizophrenia látìbẹ̀rẹ̀, oògùn á sì di ti ọdún gbọọrọ. Ọmọ ìyá ni àwọn aláìsàn wọ̀nyí o! Mi ò mọ ibòmíràn tí ẹ̀kọ́ ti tó báyìí nílẹ̀, síbẹ̀ London là ń wò.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Adéoyè Lambo kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn, ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Tigani el Mahi, dókítà ọpọlọ láti Sudan, wá bá a ṣiṣẹ́. Ní 1961, Abẹ́òkúta ló pe àwọn dókítà ọpọlọ Áfíríkà sí fún ìpàdé. Láyé ìgbà náà, Henri Collomb, dókítà ọpọlọ ọmọ Faransé, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn Fann, ní Dakar, lédè Faransé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń wo pàṣípààrọ̀ bí ọ̀nà láti jápa. Mi ò dá yín lẹ́bi, owó oṣù la jọ ń gbà. Ṣùgbọ́n bí àwa nìkan bá ń lọ tí ẹnikẹ́ni kò wá sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá tàbí ti Arò, ìgbanisíṣẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tá a lè bẹ̀rẹ̀ kò gba físà. Aago Èkó àti ti Kútọnu kò yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ìhà kan gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan wá sórí Zoom, kí wọ́n yọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ kúrò. Kí oníkálukú kọ ohun tó rò pé ó ń ṣe é sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, pàápàá kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti la ẹnu, iyàn tán. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ síta. Kí a sì gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn ṣáájú, ní Yorùbá tó yé e, kó mọ̀ pé bó bá ní rárá, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yí padà.