Bí a ṣe ń kọ orin fún fíólà àti ṣẹ́lò nìkan

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran. Orin ẹlẹ́ni méjì la fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí: fíólà kan (ohun èlò olókùn tí a ń fi ọrun fà, tó tóbi díẹ̀ ju fáólìnì lọ), ṣẹ́lò kan (irú rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, tí à ń jókòó ta), kò sí dùùrù tí yóò máa gbè wọ́n.

Kí ẹ tó kọ nóòtù kankan, ẹ wo okùn wọn ná. Mẹ́rin-mẹ́rin ni, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́: C, G, D, A. Ohùn ṣẹ́lò kàn fi ókítéèfù kan (ìyẹn láti C kan dé C tó tẹ̀lé e) lọ sísàlẹ̀ ju ti fíólà ni. Ibẹ̀ ni adùn wà, ibẹ̀ náà ni wàhálà wà. Bí fíólà bá fa C rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, okùn C ti ṣẹ́lò á máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ lo ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì jọ sísàlẹ̀, tí ohùn wọn há mọ́ra, etí ò ní mọ ta ló ń sọ kí ni.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́lò gun òkè okùn A rẹ̀, kí fíólà wà lórí okùn C lábẹ́ rẹ̀. Ṣẹ́lò lókè yẹn a máa dún bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára. Ohùn fíólà nísàlẹ̀ ṣókùnkùn, torí pé àpótí rẹ̀ kéré sí ohùn tí à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Beethoven, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Jámánì, kọ irú orin yìí ní nǹkan bí ọdún 1796. Ní 1934, Paul Hindemith, olórin Jámánì mìíràn tó ń ta fíólà fúnra rẹ̀, wà ní London pẹ̀lú Emanuel Feuermann, ọ̀gá nídìí ṣẹ́lò, wọ́n ń gba orin sínú àwo. Ojú àwo kan ṣófo. Hindemith bá jókòó, ó kọ tuntun tí yóò dí i. Orin náà ò gùn, kò sì sinmi.

Ti òde òní ńkọ́? Ẹ lè ní kí wọ́n fa okùn nítòsí igi kékeré tó gbé e ró, kí ohùn gbẹ. Ẹ lè ní kí ìka kàn án fẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, kí ohùn tín-ín-rín jáde. Àmọ́ ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Mo ti gbọ́ orin tí àrà pa.

Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa rí ìlà ara wọn lójú ìwé. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìdákẹ́ díẹ̀ sílẹ̀; ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ta á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ráyè ṣí ìwé.