Ìborùn tí Bóásì wọn ọkà sí

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ̀yin arákùnrin náà. Mo ti jí láti aago mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n sùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi nílé níbí ní Iléṣà. Ó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná mi, ó ń bá mi já ewé ẹ̀fọ́, omijé sì ń kán sínú abọ́. "Ìyá Àgbà" ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kì í sì í wọ aṣọ tó fún mọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó ní, "Mọ́mì, ojú ń tì mí. Ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń wo aṣọ ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí aṣọ mi, mo mú ìborùn kan jáde, mo sì tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.

Ìborùn òfì ni, ó dúdú bí aró tó gbó dáadáa, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là á já. Ó ti pẹ́ gan-an, wajawaja etí rẹ̀ ti já tán lápá kan. Mi ò rà á. Ìyá mi kọ́ ló fún mi.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó dé ọwọ́ mi. Mo ń ti ilé-ìwé bọ̀, ìyá mi sì ti ní kí n yà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà kí n ra iyọ̀ àti irú. Bí mo ṣe ń sún mọ́ Ẹrẹ́jà, mo gbọ́ tí àwọn ọmọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ mi ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù mi ti dé láìjẹ́ pé mo mọ̀, ó ti ba gbogbo ẹ̀yìn yúnífọ́ọ̀mù mi jẹ́. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ìyá kan ń kọjá, ó ru agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rí mi. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó sì ró o mọ́ mi nídìí, ó rọra ń ṣe é bí ẹni ń ró aṣọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Kò bá mi wí pé n kò tọ́jú ara mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mi, ó ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kò sí ohun tó ṣe ọ́." Ó bẹ ẹnì kan kó bá a gbé agbọ̀n rù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mélòó kan ni mo fi wá a káàkiri ọjà kí n lè dá aṣọ rẹ̀ padà. Mi ò rí i mọ́ títí di òní.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn. Ìyá yẹn bọ́ aṣọ lára fún mi, síbẹ̀ aṣọ ò tán lára rẹ̀. Bùbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìró rẹ̀ wà níbẹ̀, gèlè rẹ̀ ò yẹ̀. Ó rìn gba àárín ọjà kọjá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan dín lára rẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ tó o, ó sì tún ṣẹ́ kù tó lè bo ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó mú kí ìmúra àwọn ìyá wa wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn, kì í ṣe òfin ìjọ kankan.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo fẹ́ràn ìró tó balẹ̀, tí yẹ̀rì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn bùbá tí apá rẹ̀ gba afẹ́fẹ́. Aránṣọ mi ti mọ̀ mí, kó tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ ni yóò ti wí pé, "Ìka mẹ́rin ni n ó fi kún un, àbí?" Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn ìyá bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ooye níbí ní Iléṣà nínú aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, inú mi a máa dùn bíi ti ọmọdé. Òkè-Ooye yẹn náà ni, níbi tí ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930 nígbà wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ìyá mi máa ń sọ ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un, pé ìró àti ìborùn ni àwọn obìnrin tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé wá. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Ó yẹ wọ́n, ẹ̀yin ará. Ó yẹ wọ́n gan-an ni.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Rúùtù orí 3. Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, ní kí Rúùtù wẹ̀, kí ó fi òróró para, kí ó wọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì lọ bá Bóásì ní ilẹ̀ ìpakà lóru. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Ọlọ́run kórìíra ẹwà. Opó ni Rúùtù, àjèjì láti Móábù, ẹni tó ń ṣa pèéṣẹ́ nínú oko olóko. Síbẹ̀ ní ẹsẹ 11, Bóásì ní gbogbo ìlú ló mọ̀ pé obìnrin oníwà rere ni. Nígbà tó di ẹsẹ 15, tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó ní kí ó mú aṣọ ìlékè ara rẹ̀ wá, èyí tí àwa ń pè ní ìborùn, kí ó dì í mú. Òṣùwọ̀n ọkà báálì mẹ́fà ló wọ̀n sí i. Kò rán an lọ wá àpò. Kò yá a ní agbọ̀n. Aṣọ tó fi bo ara rẹ̀ lóru ló fi gba ìbùkún láàárọ̀. Bó bá ti bọ́ ọ jù sọ́nà nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Àgbà ńkọ́? Kí ni ì bá nà fún Bóásì?

Mo ní láti bá àwa àgbà náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí 16, Ọlọ́run rí ọmọbìnrin kan ní ìhòhò. Kò pe èrò wá wò ó. Ó na aṣọ rẹ̀ bò ó. Àwa ńkọ́, tí a máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn tí a ó fi ojú bọ́ ọmọ ọlọ́mọ láṣọ, tí a ó lé e padà sílé lójú gbogbo ayé? A ti sọ ìborùn di pàṣán. Ó ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Tìmótì Kìíní orí 2 ẹsẹ 9 ò mọ sórí bí aṣọ ṣe gùn tó, ó dárúkọ aṣọ olówó iyebíye. Iléṣà la wà, ìlú Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn, ìgbà tó bá sì tó, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. A mọ ohun tí gbèsè aṣọ ń ṣe fún ènìyàn. Arábìnrin mi, léèsì tí o wọ̀ fún ọjọ́ kan tí o wá ń fi ọdún kan sá fún ẹni tó tà á kò bò ọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ dìde níbi tí ẹ wà. Bí ìborùn bá wà nítòsí, ẹ mú un, ẹ dì í mú ní etí méjèèjì.

Baba, mo dúpẹ́. Ìwọ lo dá ẹ̀wù awọ fún Ádámù àti Éfà nígbà tí ewé ọ̀pọ̀tọ́ ò tó wọn. O ò lé wọn lọ ní ìhòhò. Mo dúpẹ́ fún gbogbo ọjọ́ tí o bò mí tí mi ò mọ̀.

Bò mí lónìí, Olúwa. Bo ohun tí ojú ayé ò gbọ́dọ̀ rí. Bo àṣìṣe mi àná. Bo orúkọ mi lẹ́nu àwọn tó ń bà á jẹ́. Bo àwọn ọmọ mi ní ọ̀nà Àkúrẹ́, bò wọ́n ní ọ̀nà Ifẹ̀, bò wọ́n níbi tí ohùn mi ò dé.

Fi ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀mí tútù wọ̀ mí, èyí tí Pétérù ní ó níye lórí lójú rẹ. Má ṣe jẹ́ kí aṣọ mi gùn, kí ahọ́n mi wá gùn jù ú lọ. Fi agbára àti iyì ṣe aṣọ mi, kí n lè fi ẹ̀rín pàdé ọjọ́ tó ń bọ̀.

Olúwa, rántí ẹni tí wọ́n fi ipá bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tó ń rò pé òun ló fà á. Ọmọ mi, ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́, ìwọ kọ́. Jésù, wọ́n bọ́ ìwọ náà láṣọ ní Gọ́lgọ́tà, wọ́n ṣẹ́ gègé lé ẹ̀wù rẹ. O mọ bó ṣe rí. Na etí aṣọ rẹ bò ó. Wò ó sàn. Dá oorun rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ẹ̀mí ìtìjú tó ń lé àwọn ọmọbìnrin wa kiri, ẹ tú wọn sílẹ̀! Ẹ̀rín tó lé mi mọ́ ògiri ní Ẹrẹ́jà, o ò ní lé ọmọ mi! Ohùn tó ń sọ fún un pé àfi tó bá ṣí ara sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i, mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́ ní orúkọ Jésù! Gbèsè tó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn arábìnrin mi, dìde, kó ẹrù rẹ, máa lọ!

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Olúwa. Òṣó ni màá ló níwájú ìtẹ́ rẹ. Mi ò ní dìde títí o ó fi dá mi lóhùn. Ìborùn mi nìyí. Mo ti dì í mú.

Wọn òṣùwọ̀n kìíní sí i: oúnjẹ tí kò ní tán nínú ìkòkò wa.

Wọn èkejì: ìlera, fún ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, fún ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò, fún ìyá tí àyà rẹ̀ ń já bí ó ṣe ń kà á yìí.

Wọn ẹ̀kẹta: ọkọ rere fún ẹni tó ń retí, Bóásì tí yóò mọ ìwà rẹ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀, tí kò ní fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fún àwọn opó, ìwọ fúnra rẹ.

Wọn ẹ̀kẹrin: ọmọ tí a ó fi ìborùn yìí pọ̀n. Olúwa, àwọn kan ti ra ọ̀já pa mọ́ láti ọdún méje. O mọ ilé wọn. Yà níbẹ̀ lónìí.

Wọn ìkarùn-ún: iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní tì wá lójú.

Wọn ẹ̀kẹfà, kí o sì jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀: àṣẹ́kù, Baba. Fún mi ní àṣẹ́kù tí n ó fi bo ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá ní Ẹrẹ́jà lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bó bá wà láàyè, bò ó nínú ogbó rẹ̀. Bó bá ti sùn, fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́. Ìborùn rẹ̀ ò sí nínú àpótí mi mọ́. Ọmọ tó wá sunkún nílé ìdáná mi ló dà á bo èjìká lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́rú. Ó ti dì í mú, Olúwa. Wọ̀n ọ́n sí i fún un. Ní orúkọ Jésù.

Àmín.