Ẹ Họ Awọ Kí Ẹ Tó Fa Ẹ̀jẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn dókítà ẹranko àti àwọn tó ń sin ajá sọ nìyí. Mo yọ ìkíni kúrò, mo fi àwàdà sílẹ̀.)

Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan, bí wọ́n bá ti rí ajá tó ń họra, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láti wọn CRP (C-reactive protein, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè bí ibì kan bá wú lára), lábù á tẹ ìwé jáde, ẹni tó ni ajá á sanwó, ajá á sì máa họra lọ. Wọn ò tíì fi abẹ kan awọ o! Kòkòrò Demodex, èyí tín-ín-tìn-ìn-tín tó lè ba awọ ajá jẹ́, ìdí irun ló ń gbé. Ẹ fún awọ pọ̀, kí ẹ họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ díẹ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ̀jẹ̀ yẹn nìkan ni mo gbà kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Ṣé CRP wá burú ni? Rárá. Ní 1930 ni Tillett àti Francis rí i ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Bí ibì kan bá wú lára, tó gbóná, interleukin-6 ni ìránṣẹ́ tó máa ń sáré lọ sọ fún ẹ̀dọ̀. Lára ajá, láàárín wákàtí díẹ̀ CRP ti gòkè. Bí ìjà bá rọlẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ náà ló fi ń wálẹ̀. Ajá tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju mílígíráàmù 10 nínú lítà kan lọ. Èyí tí ìjà ńlá wà lára rẹ̀ lè kọjá 100.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í bi ìránṣẹ́ pé níbo lo ti wá. Kí ariwo awọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, egbò á ti jinlẹ̀, ọyún á ti máa jáde. Ajá tí ara rẹ̀ kò gba eruku, tó ń lá ẹsẹ̀ tọ̀sán-tòru ńkọ́? Interleukin-31, ìránṣẹ́ mìíràn, ló ń mú kí ara máa yún un, CRP rẹ̀ sì lè má kúrò lójú kan. Ìwé mọ́ tónítóní, ajá ń jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀!

Èyí tó wà lóde báyìí ni kí wọ́n fi iye lymphocyte pín iye neutrophil, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni. (Ẹ̀rín.) Neutrophil 9,000, lymphocyte 3,000, ìdáhùn jẹ́ 3. Ẹ wá gbé ajá yẹn sórí ọ̀kadà, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí ajá mẹ́wàá ti ń gbó. Cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde bí ẹ̀rù bá bà á, á ru sókè: neutrophil 12,000, lymphocyte 1,500. Ìdáhùn ti di 8, awọ ò sì yí padà. Prednisolone, oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: awọ ń san, nọ́mbà ń gòkè.

Ibí ni ìyá kan ti nawọ́. “Dókítà, CRP ajá tèmi wálẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Irun ti hù padà. Lọ́sẹ̀ yìí, nọ́mbà tún fò sókè. Ṣé oògùn ti kọṣẹ́ ni?”

“Ìyá, akọ ni àbí abo?”

“Abo ni.”

“Ìgbà wo ló wá akọ gbẹ̀yìn?”

“Ó tó oṣù kan ààbọ̀.”

“Ṣé ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?”

Ìyá ò dáhùn, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ ya àwòrán inú rẹ̀ lónìí, kí wọ́n má dúró dòpin ọ̀rọ̀ mi. Ilé ọmọ tó kún fún ọyún náà ń gbé CRP sókè, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni alága fún mi. Ajá kan, lábù kan náà, ẹ̀rọ kan náà nígbà gbogbo: nọ́mbà òní kò wúlò bí kò bá sí ti àná. Haptoglobin, èròjà mìíràn tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe bíi CRP, ń gòkè bí ajá bá ń lo prednisolone, nítorí náà ẹ má fi ṣọ́ ajá tó ń lò ó. Oògùn àyẹ̀wò CRP ti ènìyàn, ẹ má lò ó àfi bí wọ́n bá ti fi ẹ̀jẹ̀ ajá dán an wò. Kí ẹni tó ń sin ajá máa kọ bó ṣe ń họra sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 0 dé 10. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sára ajá ẹlẹ́kùúrá, mo rí yín níbẹ̀ yẹn.