Báwo ni ẹyẹ onídán ṣe ń mọ apá ẹni tó máa bà lé?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lónìí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá.

Ẹ ti rí irú eré yìí rí. Tọkọtaya kan jáde sórí ìtàgé. Ọkọ wọ kóòtù dúdú, aṣọ ìyàwó ń kọ mọ̀nà. Ọkọ na ọwọ́ òfìfo, ó fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ, ó gbọ̀n ọ́n, àdàbà funfun jókòó sí i lọ́wọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èkejì ti dé. Ìyàwó ní tiẹ̀ kàn gbé apá sókè ni. Macaw kan, àwọn ayékòótọ́ ńláńlá aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà yẹn, gbéra láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó fò kọjá lórí gbogbo èrò, ó sì bà lé apá obìnrin náà wẹ́rẹ́. Ni ilé bá ho yèè.

Ẹ̀yin wá ń bi mí pé oògùn wo ni.

Kò sí oògùn. Ti áńkáṣíìfù yẹn, mi ò ní tú u fún yín, ẹ má bínú. Ohun tí onídán fi ń jẹun ni, mi ò sì ní da iyanrìn sí gààrí ẹlòmíì. Channing Pollock, ará California, ló sọ idán àdàbà di ohun tí gbogbo ayé ń pariwo ní àwọn ọdún 1950. Haruo Shimada, ọmọ Japan, gba ibẹ̀ wọlé, òun àti Deanna ìyàwó rẹ̀ sì jọ gbé e kiri ayé. Ẹ wá wọn lọ, ẹ ó gbádùn ẹ̀. Èmi, ti ẹyẹ ló jẹ mí lógún. Iná ń ṣẹ́jú, orin ń dún, èèyàn kún fọ́fọ́: ta ló sọ fún ẹyẹ yẹn pé apá obìnrin yìí ni kó bà lé, kó má bà lé gèlè ẹni tó jókòó níwájú?

Tọkọtaya mìíràn ló ní ìdáhùn. Àwọn yìí kì í ṣe onídán o. Keller Breland àti Marian ìyàwó rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ B. F. Skinner, gbajúmọ̀ onímọ̀ ìhùwàsí nì, ni àwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1943, ogun àgbáyé kejì ń gbóná lọ́wọ́, Skinner àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà ní àjà òkè pátápátá ilé ìlọyẹ̀fun kan ní Minneapolis, wọ́n ń kọ́ ẹyẹlé bí yóò ṣe máa darí bọ́ǹbù. Mi ò ṣàwàdà. Ẹyẹlé. Bọ́ǹbù. Ìjọba ń fi ìdáhùn falẹ̀ fún wọn, ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n wá ní kí àwọn kọ́ ẹyẹlé kan láti máa fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù igi.

Wọ́n dúró kó gbá a. Ẹyẹlé ò tilẹ̀ ka bọ́ọ̀lù sí. Wọ́n dúró títí ó fi sú wọn. Ni wọ́n bá pa ète dà: bó bá ti wo bọ́ọ̀lù lásán, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Bó bá sún mọ́ ọn, oúnjẹ. Bó bá fi ẹnu kàn án, oúnjẹ. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bọ́ọ̀lù ti ń lù mọ́ ògiri gbà, gbà, gbà!

Keller wà níbẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òun àti Marian pa ìwé tì, wọ́n dá iléeṣẹ́ tí ń kọ́ ẹranko ní iṣẹ́ sílẹ̀, Animal Behavior Enterprises. General Mills, iléeṣẹ́ oúnjẹ, ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún wọn: kí àwọn adìẹ máa ṣeré níbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀, láti fi polówó oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó lọ sí Hot Springs ní Arkansas, wọ́n sì ṣí IQ Zoo níbẹ̀ ní 1955, níbi tí adìẹ ti ń jó tí pẹ́pẹ́yẹ sì ń tẹ dùùrù.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi. Ibi tí gbogbo yín ti máa ń bà á jẹ́ la dé yìí.

Ẹ rò pé oúnjẹ ló ń kọ́ ẹyẹ. Irọ́! Oúnjẹ kì í tètè dé. Ẹ wo adìẹ kan tí ẹ ń kọ́ kó tẹ bọ́tìnì pupa. Ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀. Ẹ̀yin ń wá àgbàdo nínú àpò. Kí ẹ tó yọ ọ́, adìẹ ti gbé orí sókè, ó ti gbọn ìyẹ́, ó ti kọ ìdí sí yín. Ìgbà yẹn lẹ wá fún un lágbàdo. Kí lẹ sanwó fún? Ìdí kíkọ ni! Lọ́la, bó bá ti rí yín, ìdí ni yóò kọ sí yín, ẹ ó sì máa pariwo pé adìẹ yìí ya òmùgọ̀.

Nítorí náà, ohun kan gbọ́dọ̀ dún. Nǹkan kékeré kan tó ń dún "kọ́" bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni àwọn Breland ń lò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹyẹ mọ̀ pé bí "kọ́" bá ti dún, oúnjẹ ń bọ̀. Kọ́, oúnjẹ. Kọ́, oúnjẹ. Títí yóò fi jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ ti na sí ibi àwo.

Àpèjúwe tí mo fẹ́ràn jù rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ẹ lọ ra ìrẹsì lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé. Ẹ ṣe tíránsífà. Ìyá Ṣadé ò tíì fọwọ́ kan náírà kan báyìí, ó di ìrẹsì mú, ó ń wo yín tìfura-tìfura. Fóònù ẹ̀ dún: alert ti wọlé! Ojú ẹ̀ túká, ó ti gbé ìrẹsì fún yín, ó tún ń kí yín nílé. Ṣé ó rí owó ni? Kò rí owó. Dídún yẹn ló tù ú lára. "Kọ́" yẹn gan-an ni alert ẹyẹ. Kò lè máa dúró de ìgbà tí oúnjẹ bá dé kó tó mọ ohun tó ṣe tó dára, alert ló máa sọ fún un. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi fake alert ránṣẹ́ sí ẹyẹ. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ẹ sanwó. Ẹ sanwó!

Ìgbà wo wá ni kó dún? Ẹ gbọ́ o. NÍGBÀ TÓ Ń ṢE É LỌ́WỌ́. Kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ṣe é tán. NÍGBÀ TÓ Ń ṢE É LỌ́WỌ́! Ẹnu kan bọ́tìnì, kọ́. Ẹsẹ̀ kan apá, kọ́. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tí ọgbọ́n yìí lè sọ adìẹ dà. Ẹ mọ X àti O tí a máa ń fà sẹ́yìn ìwé nígbà tí tíṣà ò bá rí wa? Adìẹ kan wà nínú àpótí onígíláàsì ní Chinatown ní New York, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń bá èèyàn ta á. Ẹ ju owó sínú ẹ̀rọ, adìẹ ló ń kọ́kọ́ ta. Yálà ó pa yín, tàbí ẹ ta ọ̀mì. Ọ̀jọ̀gbọ́n débẹ̀, adìẹ lù ú.

Adìẹ yẹn ò mọ X, kò mọ O. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò. Bí ẹ bá ti ta tiyín tán, adìẹ á wọ kọ̀rọ̀ kan lọ, bí ẹni tó lọ ronú. Iná kékeré kan tàn níbẹ̀, níbi tí ojú yín ò dé. Ó ṣá a lẹ́nu, oúnjẹ já bọ́, X sì jáde lójú pátákó níta. Iná yẹn nìkan ló mọ̀ láyé. Ẹ̀yin lẹ fún un lọ́pọlọ. Idán gidi nìyẹn lójú tèmi, ó dùn mọ́ mi ju ti áńkáṣíìfù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ní orí kunkun tiẹ̀, àwọn Breland ò sì fi pamọ́. Ní 1961 wọ́n kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀, ìgbà yẹn wọ́n ti kọ́ ẹranko tó lé ní 6,000, oríṣi 38, tó fi mọ́ cockatoo, ẹ̀yà ayékòótọ́ tó ní ògbe ìyẹ́ lórí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí adìẹ kan gun pátákó kékeré, kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó jẹun. Jẹ́ẹ́ kẹ̀? Ó lé ní ìdajì àwọn adìẹ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ họ pátákó, bíi ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn ò rí i tún ṣe. Ni wọ́n bá fi orin kún un, wọ́n pè é ní adìẹ oníjó, àwọn èrò ń sanwó wò ó!

Ìyá àgbà mi ì bá ti sọ ìyẹn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sá gbọ̀dọ̀ sórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, nítorí adìẹ tó ti yó pàápàá, bó bá ti gun ẹní yẹn, ẹsẹ̀ ni. Á họ ọ́, á tú u, èlùbọ́ di ti erùpẹ̀.

Onídán tó gbọ́n kì í bá ẹ̀dá ẹyẹ jà. Àdàbà kì í dààmú nínú òkùnkùn, ibi tó há kì í bà á lẹ́rù, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn. Ẹ lọ fi macaw dán irú ẹ̀ wò, kí ẹ rí ohun tí ẹnu ẹ̀ máa fi ìka yín ṣe. Fífò àti ariwo ni ti macaw, nítorí náà fífò ni wọ́n ń sanwó fún.

Bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ọ rèé. Ọkọ gbé ẹyẹ dání, ìyàwó na apá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan péré ni yóò fi bọ́ sí i. Ó bọ́ sí i, kọ́, èso sunflower kan. Ọkọ náà na apá, ó padà, kọ́. Ìyàwó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó di kí ẹyẹ fò pẹ́ẹ́. Wọ́n ń sún bẹ́ẹ̀ títí yàrá ò fi gbà wọ́n mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa tan iná ìtàgé, tí wọ́n máa wá fi orin kún un, tí wọ́n máa wá fi àtẹ́wọ́ kún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, wọn kì í nà án. Èso yẹn wà láàárín ìka obìnrin náà ní alẹ́ eré, ẹ̀yin ni ẹ ò rí i.

Ẹ má sì rò pé aṣọ dídán nìkan ni ìyàwó bá lọ síbẹ̀. Ayékòótọ́ ló máa ń yan ẹnì kan láàyò, tó sì ń gé ẹlòmíì jẹ. Ẹni méjì tí ẹyẹ mọ̀ nílé, tí àwọn méjèèjì ń bọ́ ọ, ló lè máa ti apá ẹnì kan fò lọ sí ti èkejì láìfòyà. Wọ́n sì ń gbé e sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, nítorí bó bá yó jù, kò ní dáhùn. Bó bá sì rù, ìlera ẹ̀ ló ń bàjẹ́, eré parí.

Kí n tètè sọ èyí o: kí ẹnikẹ́ni má lọ ra odídẹrẹ́ inú igbó nítorí fídíò mi. Ní Johannesburg ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti fòfin de títa odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n ti mú wọn jù.

Adìẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Keller ní 1965, Marian ò jáwọ́ níbẹ̀. Òun àti Bob Bailey, tó fẹ́ lẹ́yìn náà, fi adìẹ kọ́ àwọn olùkọ́ ẹranko tó wá láti ọ̀nà jíjìn níṣẹ́, nítorí pé adìẹ yára, kì í sì í dúró de ọwọ́ tó bá falẹ̀.

Ẹ wá ìdérí ìgò pupa kan, ẹ gbé e sílẹ̀ kí adìẹ tó jẹun àárọ̀. Ẹ gé àgbàdo sí wẹ́wẹ́, kó má tètè yó. Bó bá wo ìdérí, kọ́. Bí ẹ bá ti rí i tó ṣá a léraléra, ẹ gbé ìdérí kúrò díẹ̀ síwájú, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi wíwò.