"Kò Dùn Mí, Kí Ni Mo Fẹ́ Lọ Yẹ̀ Wò?"

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tètè yọ lẹ́nu àwa elétò ìlera: "Aláìsàn ò gbọ́ràn." Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò wá yẹ ojú wò, kò gbọ́ràn. Kò wá yẹ ẹsẹ̀ wò, kò gbọ́ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì tíì ṣe tán. (Ẹ̀rín.)

Aláìsàn ń ronú. Ibi tó bá dunni là ń tọ́jú, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́, lè máa jò, kí onítọ̀hún sì máa kàwé geere. Ìgbà tí ojú bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì yẹ ẹ̀yìn ojú wò ní kété tí wọ́n bá ti rí àìsàn náà: ó lè ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti oríṣi kìíní, kó má kọjá ọdún 5 lẹ́yìn tí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń yẹ àyà àwọn ará Amẹ́ríkà wò lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ò yọjú. Hochbaum, Rosenstock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ wá wádìí ohun tó fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka èyí nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn. Ohun tí èèyàn ń bi ara rẹ̀ ni pé: Ṣé ó lè ṣe mí? Tó bá ṣe mí, ṣé ó le? Ṣé àyẹ̀wò yẹn máa wúlò? Kí ló máa ná mi? Ìdáhùn tó bá fún ara rẹ̀ ni à ń pè ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa ìlera.

Ìbéèrè kejì nìkan la gbájú mọ́. "Wàá fọ́jú! Wọ́n á gé ẹsẹ̀ rẹ!" Ẹ̀rù á ba èèyàn lóòótọ́, á sì jókòó sílé, torí lójú tiẹ̀, ohun tí wọn ò bá tíì rí kò tíì ṣẹlẹ̀. Mélòó nínú wọn la ti sọ fún pé tí wọ́n bá lo laser, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn ojú, lásìkò, ó ń dín ewu ìfọ́jú tó burú kù ju ìdajì lọ? Ní England, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò ojú fún àwọn alátọ̀gbẹ ní 2003. Nígbà tó fi di 2010, àtọ̀gbẹ kọ́ ló ń fọ́ ojú àwọn tó wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ jù mọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn!

Mo fẹ́ bọ́ sórí ẹsẹ̀ nígbà tí ìyá kan dìde láàárín èrò: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n yẹ ẹ̀yìn ojú wò. Ìgbàgbọ́ ta wá ni ìṣòro?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pa ìwé mi dé. Ìyá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí dókítà bá wo iye ṣúgà, tó ní "ó dáa," tí kò ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà láéláé, ó ti kọ́ yín pé ẹsẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ wa ni aláìsàn ti rí púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Alága ti ń na aago sí mi. Àtọ̀gbẹ lè ba kíndìnrín náà jẹ́. Àyẹ̀wò tiẹ̀: ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, lọ́dọọdún. Ti ẹsẹ̀: okùn ọ̀rá tín-ínrín kan ni wọ́n fi ń tọ àtẹ́lẹsẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mọ nǹkan lára, lọ́dọọdún bákan náà. Ìyá, tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa yẹ ẹ̀yìn ojú yín wò. Bí wọ́n bá ní ojú yín dáa torí pé ẹ ka lẹ́tà ara ògiri, ẹ ní ìyẹn kọ́ lẹ bi wọ́n.